Ìgbésí Ayé Ọ̀mọ̀wé Ernest Everett Just, Ọmọ Olùkọ́ tí Ó Di Àgbà Olùwádìí Sẹ́ẹ̀lì

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ nínú ìwé ọdọọdún wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, kì í sì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí ó ti kú. Ìdí tí a fi yàn án ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ bàíọ́lọ́jì ní yunifásítì, tí wọ́n sì ń wá ibi tí wọn yóò ti tẹ̀síwájú láti ṣe ìwádìí nípa sẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni àwọn yàrá kéékèèké tí a fi kọ́ ara ohun ẹlẹ́mìí gbogbo, àti nípa àwọn èròjà tí ó tún kéré jù wọ́n lọ tí ó wà nínú wọn. Àwọn ọmọ náà, àti àwa òbí wọn pẹ̀lú, a máa rò pé bí orí bá ti pé, tí ìwé ẹ̀rí sì dára, ọ̀nà ti là nìyẹn. Ẹni tí a ń wí yìí ní orí pípé ju ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà ayé rẹ̀ lọ. Ohun tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ni àyè láti lò ó.

Ìlú Charleston ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, ni a ti bí Ernest Everett Just ní ọjọ́ 14 oṣù August, ọdún 1883. Kò ju ọdún 18 lọ nígbà náà tí a ti dá àwọn ẹrú ilẹ̀ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ baba rẹ̀, Charles Just, ni kíkọ́ èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, baba baba rẹ̀ pẹ̀lú sì ti ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọmọ ọdún 4 ni Ernest wà nígbà tí baba rẹ̀ kú, gbogbo ẹrù ilé sì bọ́ sí orí ìyá rẹ̀, Mary.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìyá yìí. Olùkọ́ ni. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn dúdú ní ilé ẹ̀kọ́ ní Charleston, ṣùgbọ́n owó oṣù olùkọ́ kò tó gbọ́ bùkátà ilé. (Àwa tí a wà nínú iṣẹ́ náà kò fẹ́ àlàyé lórí èyí.) Nítorí náà a máa lọ sí erékùṣù James Island láti ṣiṣẹ́ alágbàṣe níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tí a fi ń ṣe ajílẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé ilẹ̀ púpọ̀ wà nítòsí tí ẹnikẹ́ni kò lò. Ó lọ bá àwọn ìdílé ènìyàn dúdú mélòó kan, ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá tẹ̀dó síbẹ̀ kí wọ́n sì máa dáko. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Ibùdó náà di ìlú, obìnrin náà dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì fi orúkọ rẹ̀ pe ìlú náà ní Maryville. Ó ti di apá kan Charleston lónìí. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú mọ ohun tí ojú ń rí kí aládùúgbò mẹ́wàá tó lè fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, a sì lè fi ojú inú wo irú obìnrin tí a ń wí. Opó ni, kò lówó lọ́wọ́, ó sì tẹ ìlú dó.

Ní kékeré Ernest, ibà jẹ̀funjẹ̀fun kọlù ú, díẹ̀ ni ó kù kí ó pa á. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, gbogbo ìwé kíkà àti kíkọ tí ó ti mọ̀ ti fò lọ lórí rẹ̀ pátápátá. Ìyá rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí a, b, d. Ó fi sùúrù kọ́ ọ títí ó fi sú òun alára. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fi sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ìwé sì padà sí i lórí. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 13, ìyá rẹ̀ rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ènìyàn dúdú ní Orangeburg kí ó lè kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ní ọdún 1899, ó gba ìwé ẹ̀rí tí ó lè fi kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní ibikíbi ní South Carolina. Ọmọ ọdún 15 ni.

Ọ̀pọ̀ òbí ni yóò ti dúpẹ́ níbẹ̀ pé ọmọ ti rí iṣẹ́. Ìyá Ernest kò dúpẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun àti ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé ìjọba ìpínlẹ̀ wọn kò fi ọkàn sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn dúdú, pé ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ kò lè gbé ènìyàn dé ibi gíga. Bí àwọn baba wa nígbà kan rí ti ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Fourah Bay ní Freetown kí wọ́n tó lè gba oyè yunifásítì, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí ṣe kọrí sí ìhà àríwá. Ní ọdún 1900 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Kimball Union Academy ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. Ní ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀ ó lọ sílé láti wo ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó fi dé, kò ju wákàtí kan lọ tí wọ́n ti sin ìyá náà tán.

Ó padà sí ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ọdún 4 ni ó ṣe parí ní ọdún 3, ó sì ṣe ipò kìíní nígbà tí ó jáde ní 1903. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Dartmouth College ní ìpínlẹ̀ kan náà, níbi tí ó ti pàdé ẹ̀kọ́ bàíọ́lọ́jì lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n William Patten. Bí ẹyin kan ṣoṣo tí kò ju èérún iyanrìn lọ ṣe ń pín sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, títí yóò fi di ẹranko odidi, ni ọ̀rọ̀ tí ó wọ̀ ọ́ lọ́kàn, kò sì tún jáde kúrò níbẹ̀ mọ́. Ní 1907, òun nìkan ni ó gba ipò àṣeyọrí tí wọ́n ń pè ní magna cum laude nínú gbogbo akẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde.

Níbí ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun tí ó bá ní irú àbájáde bẹ́ẹ̀ yóò lọ tààrà sí yunifásítì ńlá láti gba oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé, wọn yóò sì fún un ní àyè láti máa ṣe ìwádìí. Fún ọmọ dúdú, ibi tí ó lè rí iṣẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn dúdú. Howard University ní Washington gbà á ní ọdún 1907 yẹn gan-an. Kì í ṣe bàíọ́lọ́jì ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí ó kọ́ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó tó bíi ọdún méjì kí wọ́n tó gbé e sí ẹ̀kọ́ bàíọ́lọ́jì. Ní 1912 ó di olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, ipò tí ó wà títí ó fi kú. Ọdún 1912 yìí náà ni ó gbé Ethel Highwarden níyàwó, ẹni tí ó ń kọ́ni ní èdè Jámánì ní Howard. Ọmọ 3 ni wọ́n bí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Howard fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni ó ran àwọn mẹ́ta lọ́wọ́ nínú wọn láti dá ẹgbẹ́ Omega Psi Phi sílẹ̀ ní 1911, ẹgbẹ́ tí ó wà káàkiri àgbáyé títí di òní.

Ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn ìwádìí fún un ni Frank Lillie, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Chicago, tí ó sì tún jẹ́ olùdarí ilé ìwádìí ohun ẹlẹ́mìí inú òkun ní Woods Hole, ní etí òkun ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ọdún 1888 ni wọ́n dá ilé ìwádìí náà sílẹ̀. Ní àkókò ooru, nígbà tí àwọn yunifásítì bá wà ní ìsinmi, àwọn olùwádìí láti ibi gbogbo a máa péjọ síbẹ̀, nítorí ẹyin àwọn ẹranko òkun rọrùn láti wò: a lè rí wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, omi òkun lásán sì ni wọ́n fi ń dàgbà, níta, ní ojú ènìyàn. Ní 1909 Lillie mú Just gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Howard bá ti ti ilẹ̀kùn fún ìsinmi, ọ̀nà Woods Hole ni Just ń gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fún nǹkan bí ogún ọdún.

A fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ bí iṣẹ́ náà ti rí, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó rò pé inú ìwé ni a ti ń kọ́ ìwádìí. Ekòló òkun kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nereis. Ní àwọn alẹ́ kan ní àkókò ooru, nígbà tí òṣùpá kò bá mọ́lẹ̀, akọ àti abo wọn a máa gòkè wá sí ojú omi láti tú àtọ̀ àti ẹyin sínú òkun. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọn yóò dúró ní etí omi nínú òkùnkùn pẹ̀lú àtùpà àti àwọ̀n, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ó ń fà wọ́n wá. Yóò mú wọn láì pa wọ́n lára, yóò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo kíá kí ẹyin má baà ṣòfò, yóò sì gbé wọn wọlé, nígbà náà ni iṣẹ́ òru yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nídìí awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ní 1913 òun àti Lillie jọ kọ ìwé lórí ìṣe àwọn ekòló yìí. Kí ó tó di ìgbà náà, ní 1912, Just ti fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan tẹ ìwádìí kan jáde, tí ó fi hàn pé ibi tí àtọ̀ bá gbà wọ inú ẹyin Nereis ni ó ń pinnu ibi tí ẹyin náà yóò ti kọ́kọ́ là sí méjì.

Bí alágbẹ̀dẹ ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀gá ti ń kọ́ni ní ìwádìí. Ọmọ iṣẹ́ a kọ́kọ́ fín ewìrì, a wo bí ọ̀gá ti ń di ẹ̀mú mú, kí a tó gbé òòlù lé e lọ́wọ́. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń wá ibi tí yóò ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ sẹ́ẹ̀lì, kí ó wádìí ọ̀gá kí ó tó wádìí orúkọ yunifásítì: iṣẹ́ wo ni ọ̀gá náà ń ṣe lọ́wọ́, àwọn wo ni ó ti kọ́ yege, ta ni yóò san owó ohun èlò, ọdún mélòó ni owó náà yóò sì fi wà. Ìbéèrè wọ̀nyí kò ní àfojúdi nínú. Kì í sì í ṣe dandan kí ènìyàn sọdá òkun. Ní Ede, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Yunifásítì Redeemer's, ilé ìwádìí kan wà tí ó ń wádìí àbùdá àwọn kòkòrò àrùn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ka odidi àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò àrùn kòrónà ní oṣù March ọdún 2020, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Just kò ní irú ibẹ̀ yẹn ní tòsí ilé.

Ó ní láti fi àkókò ìsinmi ọdún púpọ̀ kọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń kọ́ ní ọdún díẹ̀ láì ní iṣẹ́ mìíràn lọ́rùn. Ní oṣù February 1915, kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé rárá, ẹgbẹ́ NAACP, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú, yàn án láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gba àmì ẹ̀yẹ Spingarn. Gómìnà ìpínlẹ̀ New York ni ó fi lé e lọ́wọ́. Ìgbà náà ni Howard tó yọ̀ǹda ọdún kan fún un láti lọ jókòó ní Chicago. Ní oṣù June 1916, Yunifásítì Chicago fi í joyè ọ̀mọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀ nípa bí àtọ̀ àti ẹyin ti ń pàdé. Díẹ̀ ni ènìyàn dúdú tí ó ní irú oyè bẹ́ẹ̀ láti yunifásítì ńlá ní Amẹ́ríkà nígbà náà.

Kí ni ó rí nínú ẹyin? Àwọn ènìyàn ìgbà rẹ̀ ti gbé ojú wọn sí àárín sẹ́ẹ̀lì, níbi tí àwọn àbùdá ti a jogún wà. Just ní kí a wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Lára ẹyin ẹranko òkun pẹlẹbẹ kan tí ń jẹ́ Echinarachnius ni ó ti rí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1919, pé lọ́gán tí àtọ̀ kan bá ti kan ojú ẹyin, ìyípadà kan a ṣẹ̀ láti ibẹ̀, a sì tàn ká gbogbo ojú ẹyin náà bí ìrú omi tí ń tàn nígbà tí a bá ju òkúta sí adágún. Lẹ́yìn ìyípadà yìí ni ìbòrí tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò gbéra kúrò lára ẹyin, tí gbogbo ènìyàn ń rí. Ṣùgbọ́n kí ìbòrí náà tó gbéra rárá, ẹyin ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àtọ̀ yòókù. Ọ̀ràn ńlá ni èyí, nítorí ẹyin tí àtọ̀ 2 tàbí 3 bá wọ̀ kì í dàgbà bí ó ti yẹ. Ojú ara sẹ́ẹ̀lì, lójú Just, kì í ṣe ògiri lásán; ẹnu-ọ̀nà tí ó ní olùṣọ́ ni.

Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́. Ó gbà pé bí àwo ìwádìí kò bá mọ́ tónítóní, bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju bí ó ti yẹ, bí ẹyin bá pẹ́ jù nínú ìkòkò, ohun tí olùwádìí yóò rí kì í ṣe ìṣe ẹyin mọ́ bí kò ṣe ìṣe àìsàn. Àwọn olùwádìí funfun ní Woods Hole a máa tọ̀ ọ́ wá láti béèrè bí a ti í tọ́jú ẹyin. Ìwà ìṣọ́ra yìí ni ó sì mú kí ó tako Jacques Loeb, ọ̀kan nínú àwọn tí òkìkí wọn kàn jùlọ nígbà náà, ẹni tí ó ti fi omi òkun tí a yí padà mú kí ẹyin òkun máa dàgbà láì rí àtọ̀. Loeb sọ pé ọ̀nà méjì ni a ní láti tọ̀: èròjà kíkan kan kọ́kọ́, lẹ́yìn náà omi oníyọ̀ líle. Just fi hàn ní 1922 pé omi oníyọ̀ líle nìkan tó, bí a bá lò ó bí ó ti tọ́. Ó jàre, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ibùjókòó tirẹ̀ tí ó sì ń tako àgbà ń fi ara wewu, ìyẹn sì wà lára ohun tí ó ba ọ̀nà rẹ̀ jẹ́.

Nítorí kò sí yunifásítì ńlá kan ti àwọn funfun ní Amẹ́ríkà tí ó fún un ní iṣẹ́. Nígbà tí a fi wà ní ọdún 1920, ó ti mọ ẹyin òkun ju ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Síbẹ̀ Howard ni ó ń padà sí nígbà tí ooru bá parí, níbi tí kíkọ́ni ti gba gbogbo ọjọ́ rẹ̀, tí òkun sì jìnnà sí i. Láti 1920, Julius Rosenwald, olówó oníṣòwò ará Chicago tí ó ti ran àwọn dúdú ìhà gúúsù lọ́wọ́ láti kọ́ nǹkan bí 5,000 ilé ẹ̀kọ́, fi owó sílẹ̀ kí Just lè ní àyè kúrò nínú kíkọ́ni láti ṣe ìwádìí. Ó ràn án lọ́wọ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n owó ọlọ́rẹ ni. Ó ní ọdún tí yóò tán, ẹni tí ń gbà á a sì máa kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó máa wo ẹyin.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pẹ̀lú jẹ nínú ìyà yìí. Howard kò tíì máa fi ènìyàn joyè ọ̀mọ̀wé ní ayé rẹ̀. Ọdún 1958 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹni àkọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí Just kọ́ ni Roger Arliner Young, obìnrin ni, láìka orúkọ rẹ̀ sí. Ó mú un lọ sí Woods Hole, ó sì fi í ṣe adelé rẹ̀ ní Howard nígbà tí òun lọ sí Yúróòpù, tí ẹrù ẹ̀ka náà fi wà lọ́rùn obìnrin náà. Àárín wọn kò gún níkẹyìn, Howard sì lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní 1936. A kò ní fi ẹnu ìtàn bò ó pé Just kò ṣe dáadáa tó sí i. Ẹni tí a fún lọ́rùn kì í pẹ́ kí ó tó máa fún ẹlòmíràn lọ́rùn. Obìnrin náà kò juwọ́ sílẹ̀. Ní 1940 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Pennsylvania, òun sì ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní Amẹ́ríkà.

Ní 1929 Just lọ sí Naples ní ilẹ̀ Ítálì, sí ilé ìwádìí òkun tí Anton Dohrn dá sílẹ̀. Ní 1930 wọ́n pè é sí Berlin, sí ilé ìwádìí bàíọ́lọ́jì Kaiser Wilhelm, tí ó wà lára èyí tí ó lókìkí jùlọ ní ayé. Níbẹ̀ wọ́n fún un ní yàrá, wọ́n fún un ní ohun èlò, wọ́n sì bá a jókòó jẹun gẹ́gẹ́ bí olùwádìí ẹlẹgbẹ́ wọn. Ní ọdún kan náà ó padà sí Woods Hole fún àjọyọ̀ ọgọ́ta ọdún Lillie, ó sì jẹ́ kí àwọn tí ó péjọ mọ̀ ní gbangba pé ìbákẹ́gbẹ́ tí òun rí ní Berlin fún ìgbà díẹ̀ ju gbogbo èyí tí òun ti rí ní Woods Hole láti ọdún wọ̀nyí wá. Ó lọ, kò sì padà wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan lè sọ pé ó gbàgbé oore Lillie. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Lillie ṣe oore, oore ńlá. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ti tó kí ènìyàn mọ̀ bóyá àlejò ni òun nínú ilé tàbí ọmọ ilé.

Ó lọ sí Yúróòpù ní ìgbà púpọ̀ láàrin 1929 àti 1938. Àwọn kan ní Howard bínú pé ó ń pẹ́ jù lóhùn-ún, ẹ̀sùn náà kì í sì í ṣe asán pátápátá. Ní Berlin ó pàdé Hedwig Schnetzler, ọmọbìnrin Jámánì kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ èrò. Òun àti Ethel kọ ara wọn sílẹ̀ níkẹyìn, ó sì fẹ́ Hedwig ní 1939. Hitler ti gba ìjọba ní 1933, ilẹ̀ Jámánì tí ó ti fi ṣe ibi ìsinmi kò sì ṣeé gbé fún irú rẹ̀ mọ́. Ó kó lọ sí Roscoff ní etí òkun ilẹ̀ Faransé ní 1938, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ níbẹ̀ láì ní owó tó tó.

Ìwé 2 ni ó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1939. Ọ̀kan jẹ́ ìlànà bí a ti í tọ́jú ẹyin ẹranko òkun fún ìwádìí; èkejì, tí ó tóbi, ni The Biology of the Cell Surface, níbi tí ó ti kó gbogbo èrò rẹ̀ nípa ojú ara sẹ́ẹ̀lì jọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó dúró: ó fojú kéré iṣẹ́ àbùdá tí ó wà ní àárín sẹ́ẹ̀lì, àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e sì ti fi hàn pé ibẹ̀ kọ́ ni òtítọ́ wà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó sọ nípa ojú ara ẹyin dúró.

Ní 1940 àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ilẹ̀ Faransé. Wọ́n mú Just, wọ́n sì tì í mọ́ àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun fún ìgbà díẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn ará ìyàwó rẹ̀ ni ó ṣe ìtúsílẹ̀ rẹ̀. Ó dé Amẹ́ríkà ní oṣù September 1940 pẹ̀lú Hedwig tí ó lóyún, ó sì tún gba ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ní Howard, ṣùgbọ́n àìsàn ti wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù October 1941 ni àrùn jẹjẹrẹ inú àmọ́ pa á ní Washington. Ọmọ ọdún 58 ni.

Ìwé rẹ̀ wà ní àwọn ilé ìkàwé, díẹ̀ ni ó sì ń ṣí i. Ní 1976 olùwádìí Amẹ́ríkà kan, Laurinda Jaffe, fi ohun èlò iná mànàmáná wo ẹyin ẹranko òkun kan tí ẹ̀gún bo ara rẹ̀ bí òòrẹ̀, ó sì fi hàn pé agbára iná tí ń yí padà ní ojú ẹyin láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó ń lé àtọ̀ yòókù sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn tí Just ti wí pé ẹyin ń tì kí ìbòrí tó gbéra rèé. Ní 1983 Kenneth Manning kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní odidi ìwé kan. Ìjọba Amẹ́ríkà fi àwòrán rẹ̀ sí ara sítáǹbù ní 1996. Ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí sẹ́ẹ̀lì ní Amẹ́ríkà sì ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní orúkọ rẹ̀ láti 1994.

Fún àwọn ọmọ wa tí yóò fẹ́ mọ̀: ẹ̀kọ́ nípa bí ẹyin ti ń di ẹranko ṣì ń wáyé ní Woods Hole ní gbogbo àkókò ooru, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wáyé ní ayé Just. Akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè gbogbo tí ó ń ṣiṣẹ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé, tàbí tí ó ti gbà á, lè kọ̀wé béèrè àyè, wọ́n sì ní owó ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń fún àwọn tí kò lágbára àtisan án.